Ìkíni Tí A Kò Dáhùn ní Odi-Omi

Ta ló kí wa lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan yẹn? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jókòó síbí, etí mẹ́fà, obìnrin ẹlẹ́pà yẹn ní "Ẹ kú ìjókòó o," ẹ tẹjú mọ́ fóònù, kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú yín. Ó dúró díẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀ sọ́rí, ó lọ. Á ti dé etí títì márosẹ̀ báyìí, á máa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé odi ló kún ilé bàbá yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pe èmi ní odi rí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ohun tó jẹ́ ká pàdánù ilé tí àwọn baba ńlá wa kọ́ sáàárín omi nìyẹn, ilé tí ogun ò rí wọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù yẹn gba ohùn mi sílẹ̀, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n tún un sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní kí n sọ ọ́, mo sọ ọ́ tán, ẹ ní ẹ̀rọ ò tíì tàn. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe gààrí téèyàn ń tún rẹ.

Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé orí omi la gbé rí. Àárín omi ni, kì í ṣe orí omi. Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà oko láti Odigbo lọ sí Araromi-Obu lónìí, ọ̀pẹ lẹ máa rí, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, àwọn ọlọ́kadà á máa sáré láàárín ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Abẹ́ ọ̀pẹ yẹn ni adágún wa wà nígbà náà. Omi rẹ̀ dúdú, ó tẹ́jú, igi ọ̀gọ̀rọ̀ ló yí i ká. Láàárín rẹ̀ gan-an ni Odi-Omi wà, ilẹ̀ kékeré kan tí kò tó pápá bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run kọ́ ló dá ilẹ̀ yẹn síbẹ̀, èèyàn ni. Nígbà tí ogun ń kó èèyàn lẹ́rú nínú igbó yìí, àwọn baba wa gé igi ìtà, wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n gbá a wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n to ìtì igi lé e, wọ́n da òkúta àti amọ̀ sí i títí ilẹ̀ fi yọ lójú omi. Wọ́n fi òpó ṣe ọgbà yí i po, wọ́n kọ́ ilé mẹ́fà sínú ẹ̀. Ìlú mìíràn á mọ odi amọ̀, á tún wa yàrà sí i lẹ́yìn. Ní tiwa, Ọlọ́run ti bá wa wa yàrà náà, ó sì ti bá wa pọnmi sí i.

Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ ló gbọ́n jù. Abẹ́ omi ló wà. Ìtì igi ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, omi bò ó dé orúnkún, ojú ò sì rí i nítorí dúdú omi náà. Kò fẹ̀ ju ibi tí ẹsẹ̀ méjì lè dúró sí lọ. Kò sì lọ tààrà. Ẹ ó gbé ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì láti etí omi, ẹ ó yà sọ́wọ́ òsì. Ẹ ó gbé mẹ́tàdínlógún, ẹ ó yà sọ́tùn-ún. Ẹ ó gbé ọgbọ̀n, ẹ ti dé ẹnu ọgbà. Ọmọ ogun tó bá ń lọ tààrà, ìṣísẹ̀ kejìlélógójì ló máa gbé e wọ inú ẹrẹ̀ dé àyà, àwọn baba wa á sì wà lẹ́nu ọgbà pẹ̀lú ọfà, wọ́n á máa kí i káàbọ̀.

Nítorí náà ni ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà yẹn kì í fi í sọ̀rọ̀. Ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ nínú. Bí ẹ bá kí i, kò ní dáhùn, ẹ ò sì ní bínú. Tó bá gúnlẹ̀, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á kọjú sí omi, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kí mi lójú omi, mo dúpẹ́ o." Gbogbo ìkíni tó bá wà nílẹ̀ ló fi ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń lọ sí odi, kó ya odi." Odi tó jẹ́ ilé ogun, odi tó jẹ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ohùn kan náà ni lẹ́nu wa. Mo gbọ́ ẹnì kan lórí rédíò lọ́jọ́ kan tó ń sọ pé iwin inú omi ló máa ń gba ohùn wọn. Iwin wo? Onígbàgbọ́ ni bàbá mi, àga rẹ̀ kì í ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Òǹkà ni, kì í ṣe òògùn! Ohun tí ẹ ò bá ti mọ ìdí rẹ̀, ẹ ó ti sọ ọ́ di iwin.

Ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yẹn dá wa lẹ́rìn-ín. Tíṣà ni, ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá sí Odigbo. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un lọ han àwọn òbí mi, mo ti kìlọ̀ fún un: ohunkóhun tó o bá gbọ́, má la ẹnu. A ń lọ, mo wà níwájú, ó ń tẹ ibi tí mo bá tẹ̀, ó gbé abọ́ àti ìṣasùn tó fẹ́ fi ta ìyá mi lọ́rẹ sórí. A ti yà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi yọ lẹ́nu ọgbà, inú rẹ̀ dùn, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ké pé, "Ìyàwó mi, káàbọ̀ o!" Ìyá yín kò la ẹnu. Ó kúnlẹ̀. Lórí igi tó ń yọ̀, lábẹ́ omi, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ! Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, gèlè nìkan ni mo rí lójú omi. A fà á yọ, abọ́ lọ, ìṣasùn lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu la ní kó pa mọ́, a ò rántí orúnkún." Títí ìyá yín fi kú, bí mo bá fẹ́ kó bínú, mo kàn máa ní káàbọ̀ o, ìyàwó mi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ohùn. Níbí yìí, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ló ń jí mi, tí kì í bá ṣe fèrè ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Benin. Lọ́hùn-ún, ohùn odó ìyá mi ló ń jí wa. Bó bá gún un lẹ́ẹ̀kan, igbó òdìkejì á gún tirẹ̀ padà. Inú adágún yẹn la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe pupuru. A ó kì í sínú apẹ̀rẹ̀, a ó so ó mọ́ òpó, ọjọ́ kẹrin a ó fà á yọ, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣù ú róbótó, a ó tò ó sórí àjà iná. Èéfín ìtà ló máa ń wọ inú rẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan wá fún mi ní oríta lánàá, inú ọ̀rá ló wà, ó funfun bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé ebi ń pa mí.

Lọ́gbẹlẹ̀, nígbà tí omi bá fà díẹ̀, gbogbo ọmọ ilé la máa ń wá pààrọ̀ òpó tó bá ti jẹrà. Kò sí ẹni tí kò ní í mú igi kan wá. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ á wá, ẹni tó wà ní Èkó á wá. Ọkùnrin á wọ inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, obìnrin á máa dáná ẹja àrọ̀ lẹ́nu ọgbà, wọ́n á máa bú wa pé a ń gbá igi bí ẹni ń gbá èèrà. Ìyẹn ni ọdún wa. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán owó igi wá dípò ara wọn. Nígbà tó tún yá, wọn ò rán owó mọ́. Iná mànàmáná wọ Odigbo, iléèwé wà ní Ore, ilé mẹ́fà di ilé kan. Ìyá mi sùn nínú Olúwa. Bàbá mi nìkan ló kù ní Odi-Omi. Èmi àti ìyá yín wà ní Odigbo, mò ń lọ mò ń bọ̀.

Àsìkò ológun ni, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn lónìí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ṣúgà wọ́n, mílíìkì wọ́n, ọṣẹ ìfọṣọ wọ́n. Ìyá yín á tò láti òwúrọ̀, ṣọ́jà á máa fi kòbókò tọ́ ìlà sí ọ̀nà, ó máa délé pẹ̀lú ṣúgà ìwọ̀n àpò iyọ̀ kékeré kan. Bí a bá sọ ọ́ fún bàbá mi, á ní, "Ta ló rán yín níṣẹ́ ṣúgà? Ẹ wá jẹ ẹja." Kò tò síbì kankan rí láyé rẹ̀. Ó dá a lójú pé ohun tó ń dààmú èèyàn létí omi, kò lè kọjá omi.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láti ọ́fíìsì. Ìyá yín ló kà á fún wa. Ìjọba ń bọ̀ wá wo gbogbo àbàtà tó wà lágbègbè yìí. Èyí tó bá ní ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ni ín. Èyí tí kò bá ní, ìjọba á gbà á fún oko ńlá. Bàbá mi ní, "Ìyẹn náà le? Ulé mi ni. N ó wí bẹ́ẹ̀." Ulé ni wọ́n ń pe ilé lẹ́nu tiwa. Mo ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A jọ rẹ́rìn-ín. A rò pé a gbọ́n.

Ohun tó ń da bàbá mi láàmú ni ibi tí àlejò máa jókòó. Àpótí pẹlẹbẹ nìkan ló wà ní Odi-Omi. Ó ní, "Ṣé àpótí ni o fẹ́ kí ṣọ́jà jókòó lé? Orúnkún rẹ̀ á kan àgbọ̀n." Àfi ká yá àga. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mọ́, a lọ sí Odigbo, a yá àga onítìmùtìmù méjì lọ́wọ́ ajíyìnrere, ó gbé ọ̀kan rù, mo gbé ọ̀kan rù. Nígbà tí a dé etí omi, mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká dúró dè wọ́n níbí?" Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ó ní, "Ìta gbangba lo ti máa ń gbàlejò ni?" Ó wọ omi. Mo tẹ̀ lé e.

A ti yà sósì, a ti gbé bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síwájú, ni mo gbọ́ ọkọ̀ jíìpù. Èèyàn mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀ létí omi: ṣọ́jà kan, akọ̀wé kan tó mú ìwé lọ́wọ́, àti dẹ́rẹ́bà wọn, tó jẹ́ ọmọ Ore. Akọ̀wé náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ìbàdàn.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!"

Bàbá mi ń lọ.

Ó ní, "Bàbá, ìjọba ló rán wa wá. Ẹ dákun, ta ló ni ibí?"

Bàbá mi ń lọ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òǹkà ló ń kà.

Akọ̀wé náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́yìn, ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ibí ni?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èsì ti dé ọ̀fun mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: àwa la ni ín. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi lábẹ́ àga, mo rántí gbogbo ẹgba tí mo ti jẹ ní kékeré nítorí pé mo sọ̀rọ̀ lójú omi, mo gbé èsì náà mì.

Ṣọ́jà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé. Akọ̀wé yíjú sí dẹ́rẹ́bà, ó ní, "Ìwọ ọmọ ibí, kí ló ṣe wọ́n?" Dẹ́rẹ́bà yẹn ò mọ nǹkan kan nípa wa ju orúkọ ibẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ na ọgbà wa, ó ní, "Odi ni, sà. Inú odi ni wọ́n bí gbogbo wọn sí."

Akọ̀wé ní, "Ó mà ṣe o!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó wá ṣí àpò rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì kan jáde, ó gbé e sórí kùkùté igi létí omi, ó fọwọ́ kan ẹnu, ó fọwọ́ kan ikùn, bí wọ́n ṣe ń bá odi sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá mílíìkì kiri! Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Bàbá mi ka òǹkà rẹ̀ tán. Ó gúnlẹ̀, ó sọ àga kalẹ̀, ó fọwọ́ nu tìmùtìmù rẹ̀, ó kọjú sí omi. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kí mi lójú omi, mo dúpẹ́ o. Èmi ni mo ni ín. Ulé mi ni. Ẹ wá jókòó." Eruku nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Mo gbé àga tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, àwa méjèèjì sì dúró tì wọ́n, kò sí ẹni tó jókòó.

Ọjọ́ kejì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ní Ore. Akọ̀wé mìíràn ni mo bá, ó ṣí ìwé, ó kà á fún mi: àbàtà, kò ní ẹni tó ni ín, odi méjì tó ń ru àga kiri la bá níbẹ̀. Mo ní èmi ni ọ̀kan nínú àwọn odi náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, odi kì í sọ̀rọ̀." Mo ní mo mọ̀, pé èmi kì í ṣe odi. Ó ní bí mi ò bá ti jẹ́ odi, a jẹ́ pé èmi kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo pariwo, ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ní kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ jáde. Àgbàlagbà ọkùnrin, mo fò. Ìwé ti lọ sí Àkúrẹ́, ìwé tó bá sì lọ sí Àkúrẹ́ láyé ológun, ó di ọjọ́ àjíǹde.

Kò pẹ́ tí katapílà fi dé. Wọ́n la ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, adágún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ. Nígbà tí omi náà fà tán, mo fi ojú mi rí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi nìkan ti mọ̀ láti kékeré. Igi dúdú ni, ó ń dán, ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí aláǹgbá ń wá nǹkan tó sọ nù. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn ín jáde. Ilẹ̀ ti gbẹ, ẹni tó bá fẹ́ lè gba tààrà, àmọ́ ó gbé mọ́kànlélógójì rẹ̀ pé, mẹ́tàdínlógún rẹ̀ pé, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ó fi dé etí ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Kò tó oṣù kan tí oòrùn fi la àwọn igi náà. Àwọn èèyàn ń kó wọn lọ fi yan pupuru. Igi tí ogun ò rí gbé ṣe.

Ilé wa ní Odigbo ni bàbá mi gbé títí tó fi kú. Agolo mílíìkì yẹn, kò jẹ́ ká ṣí i. Òun nìyẹn lórí fèrèsé, tó ti dípẹtà, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jù ú nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀ jókòó sí ìta, mo ní kí n bọ́ ẹrù yìí kúrò lọ́rùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí pé mi ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Òfin ni mo pa mọ́."

Ó ní, "Òfin wo?"

Mo ní, "Pé ẹni tó ń lọ sí odi, kó ya odi."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí òǹkà ni, bàbá."

"Ta ló ń kà lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Kò bínú o. Ì bá bínú, ì bá dára. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀yìn mi lo wà. Ibi tí mo bá tẹ̀ lò ń tẹ̀. Ìwọ, kí lò ń kà?"

Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, à máa ríran; èmi ò sunkún, mi ò ríran, mo kàn ru àga. Ẹ máa ń sọ pé bàbá yìí ń sọ̀rọ̀ jù. Mo ń gbọ́ yín. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́nu mi ì bá gba ilé sílẹ̀, mo dákẹ́, tara mi sì bá mi dákẹ́. Gbogbo èyí tí mo ń sọ láti ìgbà náà, mo fẹ́ fi dí ihò yẹn ni, kò sì dí.

Ẹ dákẹ́ ná. Obìnrin ẹlẹ́pà yẹn ló ń padà bọ̀. Òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí wa. Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ gbójú sókè kúrò nínú fóònù yẹn. Kí lẹ̀ ń kà?